Bí a ṣe ń fi ọwọ́ rán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì yo-yo láti inú ègé ankara

Ègé ankara tí àwọn télọ̀ ń gbá dà sórí àkìtàn tó ohun tí èèyàn lè fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́nà tó rẹwà gidigidi, láì lo ẹ̀rọ ìránṣọ rárá. Abẹ́rẹ́, òwú, àlùmọ́gàjí àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹ ó gé aṣọ ní róbótó, ẹ ó ká etí rẹ̀, ẹ ó rán etí náà yípo, ẹ ó wá fa òwú kí gbogbo rẹ̀ hun jọ sí àárín, bí ìbàdí ṣòkòtò olókùn ṣe ń hun jọ nígbà tí a bá fa okùn rẹ̀. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè ní yo-yo. Ẹ so ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ pọ̀ létí-létí, ó di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Suffolk puff, wọ́n fi orúkọ agbègbè Suffolk ní ilẹ̀ wọn pè é. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1920 sí 1940 ló gbòde jù, orúkọ yo-yo sì mọ́ ọn lára lásìkò tí ohun ìṣeré ọmọdé tí òun náà ń jẹ́ yo-yo gba ìgboro, lẹ́yìn tí Pedro Flores, ọmọ ilẹ̀ Philippines, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní California ní 1928. Nígbà tí ọ̀dá owó dá wọn ní àwọn ọdún 1930, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa tú àpò ìyẹ̀fun àti àpò oúnjẹ adìẹ tí wọ́n fi òwú hun, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a gé e, wọn a sì fi rán irú aṣọ yìí. Ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, fuxico ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní Bahia, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lásìkò òwò ẹrú, wọ́n ṣì ń fi í dárà sí aṣọ, báàgì àti ìtẹ́tábìlì títí di òní.

Àwa náà kò jìnnà sí ìmọ̀ rẹ̀. Nínú adìrẹ alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ló ń wọlé tó ń jáde, tí wọ́n á wá fa òwú tàbí ìko títí aṣọ á fi hun jọ pinpin, kí aró má bàa ráàyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe adìrẹ alábẹ́rẹ́ rí, ìdajì iṣẹ́ yo-yo ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣọ tó yẹ, aṣọ tí kò yẹ

Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dára jù. Ankara olówùú, adìrẹ, pọ́pílìn, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òkìrìkà, gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ fi aṣọ òkè, léèsì, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì àti gínì líle sílẹ̀. Etí yo-yo á di ìlọ́po méjì nígbà tí ẹ bá ká a, ìlọ́po méjì yẹn ni yóò sì tún hun jọ sójú kan. Aṣọ tó bá nípọn á kàn di kókó gìdìgbà láàárín, kò ní tẹ́ láéláé.

Ọ̀pọ̀ ankara tó wà lọ́jà nísinsìnyí ni kì í ṣe òwú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fa fọ́nrán òwú díẹ̀ jáde létí aṣọ náà, ẹ fi irin kékeré mú un, ẹ ṣáná sí i lórí ọpọ́n tí omi wà nínú rẹ̀. Òwú gidi á jó bíi bébà, òórùn bébà tó ń jóná ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Pólíẹ́sítà á yọ́, á ká kò, á sì di hóró dúdú líle kan. Pólíẹ́sítà kò ba iṣẹ́ jẹ́ pátápátá, àmọ́ kì í pa ìlà mọ́ra: ẹ ó ká etí rẹ̀, á tún ṣí padà. Ẹ má da òun àti òwú pọ̀ nínú aṣọ kan, nítorí òwú lè sún kì lẹ́yìn ìfọ̀, èkejì á sì wà bó ṣe wà.

Ègé aṣọ kò wọ́n. Ẹ bá télọ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní ọ̀rá ńlá kan, ẹ ní kó máa kó èyí tó bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ síbẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ adìrẹ á rí i ra ní Ìtòkú l’Ábẹ́òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ oríṣiríṣi ankara á rí i ní Gbàgì n’Íbàdàn.

Ohun yòówù kí ẹ rí, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Sítáàṣì tó wà lára ankara tuntun máa ń jẹ́ kó le, abẹ́rẹ́ á máa dún lára rẹ̀, ìka á sì máa ro yín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ ya adìrẹ sọ́tọ̀, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Bí ẹ bá rán adìrẹ tó ṣì ń ṣí àwọ̀ mọ́ aṣọ funfun, ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ ó kábàámọ̀.

Ohun èlò yòókù

Abẹ́rẹ́ tó mú tí kò nípọn jù, tí ojú rẹ̀ sì lè gba òwú ìlọ́po méjì. Àlùmọ́gàjí tó mú dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò fi gé bébà rí. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ tàbí pẹ́ńsù, píìnì, téèpù ìwọnṣọ, àti ìdábọ̀ ìka tí ẹ ó fi ti abẹ́rẹ́.

Òwú ló yẹ kí ẹ náwó lé lórí. Ẹ ra òwú pólíẹ́sítà tó lágbára, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á: ẹ wé e mọ́ ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ já a gbà lójijì. Bó bá já kíákíá, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo yo-yo ló rọ̀ mọ́ òwú kan ṣoṣo. Bí òwú yẹn bá já lẹ́yìn tí ẹ ti so aṣọ tán, yo-yo náà á ṣí sílẹ̀ gbàgà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti àwọ̀, òwú aláwọ̀ eérú máa ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ mu, ẹ kò ní láti máa pààrọ̀ òwú nígbà gbogbo.

Ìṣirò kí ẹ tó gé ohunkóhun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo apá yìí. Ọ̀pọ̀ tó pa iṣẹ́ yìí tì sójú ọ̀nà ni kò mọ iye tó máa gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìbú róbótó tí ẹ gé, ẹ yọ etí tí ẹ ó ká ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò, ẹ wá pín èyí tó kù sí méjì. Ìdáhùn yẹn ni ìbú yo-yo nígbà tó bá parí. Àwo CD ni mo gba yín níyànjú pé kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, nítorí sẹ̀ǹtímítà 12 gééré ni gbogbo wọn, kì í tẹ̀, kì í sì í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi páálí. Bí ẹ bá ká ìdajì sẹ̀ǹtímítà yípo, ìbú di 11. Pín in sí méjì, yo-yo yín á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.5.

Ká sọ pé ẹ fẹ́ aṣọ tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn rẹ̀ sì tó 200. Yo-yo 27 ni yóò wà ní ìbú, 36 ní gígùn, àpapọ̀ 972. Ẹ ṣe 1,000, kí àjẹṣẹ́kù lè wà nílẹ̀. Ankara máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 45 sí 46, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 115, nítorí náà róbótó 9 ni yóò wọ ìbú rẹ̀, 7 á sì wọ gígùn yáàdì kan. 63 nìyẹn nínú yáàdì kan, tó túmọ̀ sí yáàdì 16 fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ wá rí ìdí tí ègé aṣọ ọ̀fẹ́ fi ṣe pàtàkì.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lè ṣe yo-yo kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ẹ bá ń ṣe mẹ́wàá lójúmọ́, á lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta kí ẹ tó pé 1,000, ẹ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ síso wọn pọ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 49, méje lọ́nà méje. Ó tó láti fi bo ojú tìmùtìmù àga kan, ọwọ́ yín á sì ti rọ̀ kí ẹ tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì.

Gígé

Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí òdì rẹ̀ kọjú sókè. Ankara tí àwọ̀ rẹ̀ wọnú dáadáa, ojú àti òdì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ lè lo èyí tó bá wù yín. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lójú kan ṣoṣo ni ẹ ó ṣọ́ra fún. Ẹ gbé àwo CD lé e, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ẹ gbé òmíràn tì í pẹ́kípẹ́kí, kí àlàfo má pọ̀ láàárín wọn. Ẹ lè to aṣọ mẹ́rin lé ara wọn kí ẹ fi píìnì mú wọn, kí ẹ sì gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ju mẹ́rin lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa yẹ̀, wọn á sì rí bí ẹyin dípò róbótó.

Kò pọn dandan kí etí gún régé bíi ti ẹ̀rọ, nítorí gbogbo etí tí ẹ gé ló máa wọnú lọ. Ṣùgbọ́n ìbú gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó bá fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà dín sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ń so wọn ni yóò tú àṣírí ara rẹ̀.

Rírán yo-yo kan

Ẹ gé òwú tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 110, ẹ fi orí rẹ̀ kan bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ fà á kí orí méjèèjì pàdé, kí ẹ wá ta kókó sí i. Ìlọ́po méjì rẹ̀ á jẹ́ bíi 55, ó tó yípo róbótó kan, á sì ṣẹ́kù èyí tí ẹ ó fi di í.

Ẹ mú róbótó lọ́wọ́, kí òdì rẹ̀ máa wo yín lójú. Ẹ ká etí rẹ̀ bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà wá sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ má sì fi píìnì mú un. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yín ni kó máa ká a bí ẹ ṣe ń rán an lọ. Ẹ gún abẹ́rẹ́ wọlé láti inú ibi tí ẹ ká, kí kókó òwú lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí abẹ́rẹ́ máa wọlé, kó máa jáde, ní tòsí ibi tí aṣọ ti ṣẹ́, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí ìlà tí ó ká sí. Bí ẹ bá rán an jìnnà sí ìlà yẹn, etí aṣọ á yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bíi ìgbátí síta nígbà tí ẹ bá fà á.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí. Ìṣísẹ̀ abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gùn. Ẹni tó bá mọ ìránṣọ ọwọ́ dáadáa ni eléyìí máa ń ṣòro fún jù, nítorí wọ́n ti kọ́ wa pé ìrán tó kéré tó sì sún mọ́ra ni ìrán àgbà. Níbí, ìrán kéékèèké ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò di ìhunjọ kan nígbà tí ẹ bá fa òwú. Bí ìṣísẹ̀ bá kúrú, ìhunjọ á pọ̀ yamùyamù, wọn á fún ara wọn pa débi pé wọn ò ní lè sún mọ́ àárín, ihò ńlá á sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ìṣísẹ̀ bá gùn, ìhunjọ kò ní pọ̀, wọn á fara ṣẹ́ra wọn, wọn á sì pa ihò náà dé. Fún róbótó CD, kí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 6 tàbí 7, kí àlàfo tó tẹ̀ lé e náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ka òwú tó hàn lókè lẹ́yìn tí ẹ ti yí i po tán, ó yẹ kó tó nǹkan bíi 26. Bó bá ti ń sún mọ́ 40, ẹ tú u.

Kí gbogbo ìṣísẹ̀ náà dọ́gba pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀kan bá ti gùn tí èkejì kúrú, ẹ̀gbẹ́ yo-yo á ní igun, kò ní yípo.

Nígbà tí ẹ bá padà dé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọjá ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ díẹ̀, kí àlàfo má bàa ṣí síbẹ̀.

Fífà àti dídì

Ẹ fi ọwọ́ kan di aṣọ mú, ẹ fi èkejì máa fa òwú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má já a gbà. Aṣọ á kọ́kọ́ di fìlà kékeré, lẹ́yìn náà á di àpò, ẹnu àpò náà á sì pa dé. Ojú aṣọ ló wà níta báyìí, òdì rẹ̀ ti wọnú. Kí ẹ tó ta kókó, ẹ gbé e lé orí tábìlì, kí ẹnu ihò kọjú sókè, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ sì fi ìka pín ìhunjọ náà kí ó dọ́gba yíká, kí ihò sì bọ́ sí àárín gan-an. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta kókó, kò sí àtúnṣe mọ́.

Ẹ tún òwú fà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó le. Ẹ gún abẹ́rẹ́ sí abẹ́ ìhunjọ méjì, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì sójú kan náà, kí ẹ gba abẹ́rẹ́ kọjá láàárín òwú tó ká bí òrùka, ẹ fà á di kókó. Lẹ́yìn èyí, ẹ gún abẹ́rẹ́ gba inú yo-yo, láàárín aṣọ òkè àti ti ìsàlẹ̀, kó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì gé òwú níbẹ̀. Ìrù òwú tó wà nínú kì í jẹ́ kí kókó tú. Ẹni tó bá gé e mọ́ ìdí kókó á tún un rán bó pẹ́ bó yá.

Ìrírí àkọ́kọ́ máa ń ya èèyàn lẹ́nu lórí ohun kan. Òdòdó tàbí ẹyẹ tí ẹ dìídì gbé sáàárín róbótó kò ní hàn níwájú. Etí róbótó ló hun jọ síwájú. Àárín rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn, ibẹ̀ ló wà ní pẹlẹbẹ láìfarapa. Nítorí náà, iṣẹ́ ọnà ńláńlá ara ankara máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń kù. Aṣọ oníṣẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń fi ara rẹ̀ hàn dáadáa níwájú yo-yo. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀yìn yẹn, wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ padà kí pẹlẹbẹ máa wòkè. Èmi fara mọ́ iwájú, nítorí ìhunjọ yẹn ni ẹwà rẹ̀.

Bí ihò àárín kò bá wù yín, ẹ gé róbótó kékeré láti ara aṣọ aláwọ̀ mìíràn, kí ẹ fi sínú kí ẹ tó fa òwú pa. Àwọ̀ yẹn á máa yọjú láti inú ihò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí aṣọ yín bá fẹ́lẹ́ tó fi jẹ́ pé etí inú ń hàn láti ìta.

Títo àwọ̀

Bí ẹ bá ti ní tó ọgọ́rùn-ún méjì, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun sílẹ̀, kí ẹ tò wọ́n lé e lórí. Ojú tí a fi ń wo yo-yo kan lọ́wọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń wo wọn nígbà tí wọ́n bá pọ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ibi tí àwọ̀ pupa bá ti ṣù jọ ní kọ̀rọ̀ kan, ojú yín á mú un lójú ẹsẹ̀.

Ẹ lè to wọn bí ó bá ṣe wá, tí ẹ kàn ń ṣọ́ kí aṣọ kan náà má kan ara rẹ̀. Ẹ lè to wọn ní àwọ̀-àwọ̀ láti àárín lọ sí etí. Èyí tó wù mí jù ni kí adìrẹ aláró jẹ́ ìlà méjì ní etí yípo, kí ankara oríṣiríṣi sì kún inú rẹ̀. Aró á mú gbogbo ariwo àwọ̀ inú lọ́hùn-ún rọlẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kó wọn nílẹ̀.

Síso wọn pọ̀

Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì 27 lọ́nà 36 ní ojú ìsopọ̀ 1,881. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí yo-yo bá pé. Má ṣe so ìlà gígùn kan tán kí o tó bọ́ sí òmíràn, ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ẹ pín in sí apá méjìlá, kí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án, ìyẹn 81. Apá kan á wọnú báàgì, ẹ lè gbé e dání lọ síbi tí ẹ ó ti tò fún dókítà tàbí nínú mọ́tò. Ní ìkẹyìn, ẹ ó wá so àwọn apá náà pọ̀, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní gígùn.

Ẹ mú yo-yo méjì, ẹ fi iwájú wọn kojú ara wọn, kí ẹ̀yìn méjèèjì wà níta. Ẹ rán etí wọn mọ́ra, kí abẹ́rẹ́ máa gba etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí òwú sì máa wé orí etí náà. Ìrán mẹ́rin tàbí márùn-ún tó sún mọ́ra, lórí gígùn sẹ̀ǹtímítà kan. Níbí ni ìrán kéékèèké ti wúlò. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ jìn, fọ́nrán díẹ̀ létí nìkan ni kó mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní ṣí pẹlẹbẹ. Ẹ ta kókó, ẹ fi abẹ́rẹ́ gba inú yo-yo bọ́ síta, ẹ gé e. Ẹ ṣí wọn, kí ẹ tẹ̀ wọ́n lórí tábìlì.

Àwọn kan máa ń so wọn ní ojú kan ṣoṣo pẹ̀lú kókó, kí iṣẹ́ lè yá. Kò dára. Gbogbo ìwúwo aṣọ ló ń rọ̀ mọ́ ojú ìsopọ̀ yẹn nígbà tí ẹ bá gbé e, á sì fa aṣọ ya níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan ló ń pín ìwúwo náà kiri. Àmọ́ kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, nítorí yo-yo á di onígun mẹ́rin.

Nígbà tí ẹ bá so ìlà oníyo-yo mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ àti èkejì tán, ẹ so wọn mọ́ra bákan náà, yo-yo sí yo-yo, pẹ̀lú ojú wọn tó kọjú síra. Yo-yo kọ̀ọ̀kan tó wà nínú á ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin, àlàfo onígun mẹ́rin kékeré á sì ṣí sáàárín mẹ́rin-mẹ́rin. Àlàfo yẹn kì í ṣe àṣìṣe, òun ló ń jẹ́ kí aṣọ náà rí bíi léèsì. Bí ẹ bá fẹ́ kí àlàfo kéré sí i, ẹ to ìlà kejì kí ó bọ́ sáàárín ìlà àkọ́kọ́, kí yo-yo kọ̀ọ̀kan kan mẹ́fà. Ó ń gba yo-yo púpọ̀ sí i, á lé ní 1,100 fún ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì kan náà, etí méjì kò sì ní gún.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, aṣọ náà á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì dín sí ohun tí ẹ ṣírò. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ló jẹ díẹ̀ nínú etí yo-yo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Ká fi aṣọ tẹ́ ìdí rẹ̀ tàbí ká má fi tẹ́ ẹ?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láyé àtijọ́ kò ní aṣọ lẹ́yìn, kò sì ní òwú rírọ̀ nínú. Orí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì aláwọ̀ kan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ lé. Fún ilé tó ní ọmọ kéékèèké, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ, nítorí ìka ẹsẹ̀ ọmọ máa ń há sínú àlàfo wọ̀nyẹn. Ẹ gé aṣọ òwú tí ẹ ti fọ̀, kó fi sẹ̀ǹtímítà 3 ju aṣọ yo-yo lọ yíká, ẹ ká etí rẹ̀ wọnú, ẹ rán an. Ẹ tẹ́ yo-yo lé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa fi ìrán kékeré kan tàbí méjì mú ẹ̀yìn yo-yo mọ́ ọn. Kò di dandan kí ẹ mú gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú méjì ti tó, àfi ti etí tí ẹ ó mú ní ìkọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ aṣọ ìdí á máa yọ nínú àlàfo, ẹ yàn án pẹ̀lú ìṣọ́ra. Funfun máa ń jẹ́ kí ankara dún. Aró dúdú máa ń jẹ́ kó jinlẹ̀.

Fífọ̀ àti àtúnṣe

Ẹ ká a kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Aṣọ ọ̀ṣọ́ ni, òrùka àti èékánná sì máa ń kọ́ ọ. Nígbà tó bá dọ̀tí, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n ńlá pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe bó o, ẹ má ṣe fún un. Ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ wá ká a mọ́ inú táwẹ́lì kó fa omi mu. Ẹ má gbé e kọ́ sórí okùn ní tútù. Omi máa ń wúwo, á sì máa fa àwọn ojú ìsopọ̀ òkè ya. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní níbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹ fi ọwọ́ tún yo-yo tó bá ti ká kò ṣe kó tó gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn ni, kí áyọ́ọ̀nù má sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ tọ́jú àwọn yo-yo tó ṣẹ́kù nínú 1,000 yẹn, pẹ̀lú ègé díẹ̀ nínú aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fọ̀ wọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá fọ aṣọ náà, kí àwọ̀ wọn lè máa ṣá pọ̀. Bí ọ̀kan bá ya, ẹ yí aṣọ padà sí ẹ̀yìn, ẹ fi orí àlùmọ́gàjí kékeré gé òwú ojú ìsopọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì kan ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí àyè rẹ̀. Ìsopọ̀ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ rán, kí ti òsì tẹ̀ lé e, kó lè jókòó sáàárín dáadáa, kí ẹ tó wá rán ti òkè àti ti ìsàlẹ̀.